"Vert on a bend Argent": ẹ bá mi tú gbólóhùn yìí, oníbàárà ti dá iṣẹ́ mi padà

Ayàwòrán kan ní Ṣómólú béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n ya àmì asà fún àwọn, irú èyí tí ẹṣin méjì àti ẹyẹ idì wà lára rẹ̀ lókè ìwé ìjọba wa, tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé coat of arms ló ń jẹ́. Mo ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí gbà: "Vert on a bend Argent between two drums Or three palm trees of the field." Wọ́n ní gbogbo ohun tí mo nílò ló wà níbẹ̀.

Mo rí ìlù, mo rí ọ̀pẹ. Mo rí "or", mo rò pé wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Kí n má baà ṣìnà, mo ya ìlù méjì, mo sì ya ọ̀pẹ mẹ́ta sínú oko. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní mi ò ka ohun tí wọ́n kọ. Lójú tèmi, èdè awo ni àwọn òyìnbó fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

* * *

Àbúrò mi, kò sí oko níbẹ̀, "Or" yẹn kì í sì í ṣe "tàbí". Wúrà ni.

Faransé àtijọ́ ló pọ̀ nínú gbólóhùn yẹn. Láàárín ọdún 1100 sí 1200 ni àwọn jagunjagun elẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ya àmì tí wọ́n ń jogún sára asà wọn. Nígbà náà, Faransé ni àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ láàfin, èdè náà sì dúró sínú iṣẹ́ yìí títí dòní. Blazon ni wọ́n ń pè é. Èdè asà ni n óò máa pè é níhìn-ín.

Àwọ̀ méje ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Or ni wúrà, tí o lè fi yẹ́lò kùn. Argent ni fàdákà, funfun ni gbogbo èèyàn ń lò fún un. Gules ni pupa, Azure ni búlúù, Sable ni dúdú, Vert ni àwọ̀ ewé, Purpure ni elésè-àlùkò. Awọ ẹranko onírun náà wà, bí ermine tí ó funfun tí ìrù dúdú kéékèèké wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan iṣẹ́ tìrẹ.

Ìyókù, ètò ni. Bí wọ́n ṣe máa kun asà náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ohun tó lé e lórí, títí dé èyí tó sún mọ́ ojú ẹni tó ń wò ó jù lọ. Vert: gbogbo ojú asà jẹ́ àwọ̀ ewé. Bend Argent: ọ̀já funfun kan tó gba èjìká sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìbàdí, bí ìgbà tí èèyàn gbé báàgì kọ́ èjìká kan. Between two drums Or: ìlù aláwọ̀ wúrà méjì, ọ̀kan lókè ọ̀já, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Three palm trees of the field: ọ̀pẹ mẹ́ta tí àwọ̀ wọn jẹ́ àwọ̀ ojú asà, ìyẹn àwọ̀ ewé. Orí ọ̀já funfun ni àwọn ọ̀pẹ náà wà.

Ibi tó ń tan èèyàn ni "on". Wọ́n sọ "on a bend" níbẹ̀rẹ̀, ohun tó wà lórí bend náà kò sì jáde títí di òpin gbólóhùn. Bí o bá ti rí "on" níbẹ̀rẹ̀, mọ̀ pé gbèsè kan wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì san. Máa ka gbólóhùn náà lọ títí wọ́n á fi san án. Nínú CorelDRAW tí ẹ ń lò ní Ṣómólú, ṣe é ní ìpele mẹ́ta: ewé nísàlẹ̀, ọ̀já àti ìlù láàárín, ọ̀pẹ lókè ọ̀já.

* * *

Ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú-Òde: *Gbogbo wàhálà yìí fún kí ni? Kí wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́, kó parí.*

Ọ̀pọ̀ ló ti sọ báyìí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ lógò, àwòrán ni ọba. Ilé-iṣẹ́ á fún ọ ní fáìlì, á sọ nọ́ńbà àwọ̀ fún ọ, á ní má yí i padà.

Nínú àmì asà, ọ̀rọ̀ ni ọba. Ohun tí wọ́n fún èèyàn ni gbólóhùn. Àwòrán jẹ́ bí ayàwòrán kan ṣe gbọ́ gbólóhùn náà. Ayàwòrán mẹ́wàá lè ya á ní ọ̀nà mẹ́wàá, kí gbogbo rẹ̀ sì tọ̀nà. Ewé tó ṣú, ewé tó mọ́lẹ̀, Vert ni gbogbo rẹ̀. Asà tó ní igun mímú nísàlẹ̀, asà tó rí roboto, ọ̀kan náà ni. Ẹ wo ẹyẹ idì pupa orí àmì Nàìjíríà bí àwọn òǹtẹ̀wé ṣe ń yà á: lọ́dọ̀ ẹni kan ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ó rí bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Kò sí ẹni tó máa sọ pé orílẹ̀-èdè méjì ni.

Ẹjọ́ kan wà tó fi bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó hàn. Lọ́dún 1385, nígbà tí ọba Richard kejì kó ogun lọ sí Scotland, Sir Richard Scrope rí i pé Sir Robert Grosvenor gbé asà kan náà pẹ̀lú òun: Azure a bend Or. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ojú asà búlúù, ọ̀já wúrà. Wọ́n gbé ara wọn lọ sí kóòtù àwọn ọ̀gágun, ẹjọ́ náà sì gba ọdún bíi márùn-ún.

Geoffrey Chaucer, akéwì yẹn fúnra rẹ̀, jẹ́rìí lọ́dún 1386. Ó ní òun rí i tí àwọn Scrope gbé àmì náà lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Ó tún ní òun ń kọjá lọ ní Friday Street ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì rí àmì náà tí wọ́n gbé kọ́ síta tuntun. Ó béèrè pé ilé èrò wo ló gbé àmì Scrope kọ́. Ẹnì kan dá a lóhùn pé kì í ṣe ti Scrope o, ti ọmọ ogun kan láti Chester tó ń jẹ́ Robert Grosvenor ni. Ó ní ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Grosvenor.

Grosvenor pàdánù. Wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa fi ìgbátí funfun yí etí asà náà ká kó lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọba wọ́gi lé ìyẹn lọ́dún 1390. Ó wá gba Azure a garb Or dípò rẹ̀: ìdì àlìkámà aláwọ̀ wúrà. Ìdílé náà kò gbàgbé láé. Àwọn ni ìdílé Duke of Westminster tòní, ẹṣin sáré-ìje wọn tó gba ìdíje Derby lọ́dún 1880 sì ń jẹ́ Bend Or. Àwọn ọlọ́lá kì í tètè gbàgbé ẹ̀dùn ọkàn.

Kò sí ẹni tó jiyàn ní kóòtù náà pé ọ̀já ẹnì kan fẹ̀ ju ti ẹnì kejì tàbí pé búlúù rẹ̀ ṣú jù. Bí gbólóhùn bá ti jẹ́ ọ̀kan, asà jẹ́ ọ̀kan nìyẹn.

* * *

Ẹlòmíràn: *Ẹ ti ṣi ọmọ yẹn lọ́nà. Mo kà á pé òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ni bend ti ń bẹ̀rẹ̀. Báàgì tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn, apá òsì ni yóò wà lójú ẹni tó ń wo asà.*

Òótọ́ lo kà, bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ṣì í lọ́nà. Ọ̀tún ta ni?

Asà kì í rìn fúnra rẹ̀. Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó dì í mú. Ọ̀tún ẹni náà ni wọ́n ń pè ní dexter, òsì rẹ̀ ni sinister. Ẹ̀yin tí ẹ dojú kọ ọ́, dexter wà ní apá òsì yín. Nítorí náà ọ̀já yìí bẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì rẹ, àbúrò, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ. Ìlù kan á wà lókè lápá ọ̀tún rẹ, èkejì nísàlẹ̀ lápá òsì. Ẹranko náà, bí wọn ò bá sọ ibi tó kọjú sí, apá òsì rẹ ló kọjú sí. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí. Mo ti rí stíkà ọkọ̀ àti ìfàmì aṣọ tí ẹni tó ṣe é yí àwòrán padà bí ti dígí, tí kò sì mọ̀ pé òun ti sọ asà náà di ti ẹlòmíràn.

Ó kan asà tí wọ́n pín sí mẹ́rin náà. Asà ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kìíní wà lókè lápá òsì ẹni tó ń wò ó: kìnnìún mẹ́ta England ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tún wà ní ìdá kẹrin. Ìdá kejì jẹ́ kìnnìún pupa Scotland, ìkẹta jẹ́ háàpù Ireland. Ní Scotland wọ́n yí i padà, kìnnìún tiwọn ló wà ní ìdá kìíní àti ìkẹrin. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan yí.

Ẹnì kan tún jù ú síbẹ̀ pé bí ọ̀já bá lọ ní òdìkejì, ọmọ àlè ni ẹni tó ni ín. Irú ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún gbọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé ilẹ̀ Jámánì tí ọ̀já wọn lọ sí òdìkejì pọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bú wọn. "Bar sinister" tí àwọn èèyàn máa ń sọ kò tiẹ̀ ṣeé yà: gbalaja ni bar ń sùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, báwo ló ṣe máa ní òsì? Ohun tó wà ní tòótọ́ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kúkúrú kan tí kò kan etí asà, tí wọ́n fún àwọn kan nínú ọmọ tí ọba Charles kejì bí síta, bíi Duke of Grafton. Ó wà lára asà ìdílé náà títí di ìsinsìnyí, ìtìjú ò sì bá wọn.

* * *

Ayàwòrán ní Ṣómólú: *Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń yé mi. Ṣé mo lè fi pupa kun ìlù náà? Wúrà kò hàn dáadáa lórí fóònù mi.*

Rárá o. Wọ́n ti sọ wúrà. Bí wọn ò bá tiẹ̀ sọ ọ́ ni, pupa lórí ewé yóò tàpá sí òfin tó le jù nínú iṣẹ́ yìí.

Irin méjì ló wà, wúrà àti fàdákà. Àwọ̀ ni ìyókù: pupa, búlúù, dúdú, ewé, elésè-àlùkò. Irin kì í sùn lórí irin, àwọ̀ kì í sì í sùn lórí àwọ̀. Ẹni tó bá ti dúró ní Ojúẹlẹgba tó ń wá ọkọ̀ mọ ìdí rẹ̀: ìlà dúdú lára yẹ́lò dánfó, o ti rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Lójú ogun, nínú eruku, wọ́n ní láti mọ ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè.

Ẹ fi wo gbólóhùn ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀já fàdákà lórí ewé: ó bófin mu. Ìlù wúrà lórí ewé: ó bófin mu. Ọ̀pẹ ewé lórí fàdákà: ó bófin mu. Ẹni tó kọ ọ́ mọṣẹ́. Bí asà kan bá tàpá sí òfin yìí, wò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìlú Jerúsálẹ́mù nígbà àwọn ọba Kristẹni gbé àgbélébùú wúrà lórí fàdákà, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n nítorí ìyẹn. Ohun tí wọ́n bá sì pè ní "proper", tó túmọ̀ sí àwọ̀ tó ní nínú ìṣẹ̀dá, bọ́ lọ́wọ́ òfin náà.

Bí wúrà kò bá hàn lórí fóònù rẹ, lo yẹ́lò tó mọ́lẹ̀.

* * *

Tíṣà kan láti Adó-Èkìtì: *Ẹ ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ láìsọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nílé ìwé, a ń kọ́ àwọn ọmọ pé dúdú lára asà Nàìjíríà ni ilẹ̀ ọlọ́ràá, idì ni agbára, ẹṣin ni iyì. Èdè tí kò sọ ìyẹn, èdè wo ni?*

Ohun tí ẹ ń kọ́ wọn tọ̀nà, ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú asà Nàìjíríà ní èdè asà: Sable a pall wavy Argent. Dúdú, pẹ̀lú ohun funfun ẹlẹ́ka mẹ́ta bíi lẹ́tà Y tó ń rú bí omi. Ó parí. Kò dárúkọ Ọya, kò dárúkọ Bénúè, kò sọ̀rọ̀ Lọ́kọ́ja. Pall gan-an, aṣọ ọrùn tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà ń wọ̀ ni, òun ló wà lára asà Canterbury. Ọ̀rọ̀ "wavy" ló sọ ọ́ di omi lójú wa, ìtàn wa ló sì sọ omi náà di odò méjì tó pàdé.

Èmi gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí gbólóhùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtumọ̀, ayàwòrán ò ní mọ ohun tó máa yà mọ́. "Agbára", báwo ni wọ́n ṣe ń ya agbára? Àwọn ìwé kan wà tó ń sọ pé pupa jẹ́ ti akíkanjú, búlúù jẹ́ ti olóòótọ́. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà ẹ̀yìn ló to ìyẹn jọ láti fi dùn mọ́ àwọn oníbàárà wọn nínú. Scrope àti Grosvenor jọ gbé búlúù àti wúrà, ta ni olóòótọ́ nínú wọn?

Tíṣà ò gbà. Wọ́n tún kọ̀wé pé ọmọ kò ní rántí asà tí kò ní ìtumọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ẹ máa kọ́ wọn ní méjèèjì nígbà náà, ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìkínní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì.

* * *

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti dé, mo ti mọ̀ pé wọ́n máa dé. Ẹnì kan béèrè ìdí tí kìnnìún Chelsea fi ń wo ẹ̀yìn.

Ìdúró ẹranko ní orúkọ, ẹni tó bá ń ya asà kò sì gbọ́dọ̀ ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Rampant: ó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó na èékánná síwájú. Passant: ó ń rìn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Sejant: ó jókòó. Couchant: ó dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè. Dormant: ó sùn. Orí náà tún ní tirẹ̀: bí ó bá kọjú sí ẹ, guardant ni, bí ó bá yí ọrùn wo ẹ̀yìn, regardant ni. Kìnnìún Chelsea jẹ́ rampant regardant, ó di ọ̀pá mú. Inú asà àgbègbè Chelsea ni wọ́n ti mú un. Kìnnìún mẹ́ta àjọ bọ́ọ̀lù England jẹ́ passant guardant, búlúù lórí funfun, pẹ̀lú òdòdó róòsì pupa, wọ́n sì gba asà yẹn lọ́dún 1949. Ti ọba jẹ́ wúrà lórí pupa. Àwọn Faransé ò tiẹ̀ pe irú ẹranko yẹn ní kìnnìún mọ́. Bí kìnnìún bá ti ń rìn tó sì kọjú sí ẹ, àmọ̀tẹ́kùn ni wọ́n ń pè é nínú èdè asà tiwọn.

Ó tó báyìí. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ Arsenal, kó lọ ṣí ojú ìjíròrò tirẹ̀.

* * *

Agbẹ́-sítáǹbù kan ní Mushin: *Èmi kì í kun nǹkan. Rọ́bà ni mo ń gbẹ́, íńkì kan ṣoṣo ni. Báwo ni èèyàn á ṣe mọ pupa yàtọ̀ sí ewé lórí sítáǹbù?*

Ìbéèrè tó dára jù látàárọ̀ rèé. Ìlà ni wọ́n fi ń ṣe é. Àlùfáà Jésúìtì kan tó ń jẹ́ Silvester Petra Sancta tẹ ètò náà jáde lọ́dún 1638, òun náà la sì ń lò títí dòní lórí owó idẹ, òǹtẹ̀ àti ara òkúta. Pupa: ìlà tó dúró ṣánṣán láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Búlúù: ìlà tó sùn gbalaja. Dúdú: kí àwọn méjèèjì ré ara wọn kọjá. Ewé: ìlà onídàgẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì ẹni tó ń wò ó lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Elésè-àlùkò: òdìkejì ti ewé. Wúrà: tóótòòtó. Fàdákà: má gbẹ́ nǹkan kan sí i.

Fún asà ẹgbẹ́ yìí, ìlà ewé àti ọ̀já bend gba ọ̀nà kan náà, wọ́n lè dà pọ̀ mọ́ra lójú. Fa ìlà etí ọ̀já náà kó nípọn díẹ̀. Bí sítáǹbù náà bá kéré ju owó kọ́bọ̀ lọ, fi ìlà náà sílẹ̀, torí íńkì á kún un.

* * *

Ẹnì kan láti Ọ̀yọ́: *Oríkì lásán ni gbogbo èyí. A ti ní tiwa tipẹ́.*

Mi ò fara mọ́ ọn. Oríkì ń kì èèyàn, ó ń wú u lórí, apohùn sì lè fa á gùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó mú ìtàn wọ̀ ọ́, kó mú ẹ̀fẹ̀ wọ̀ ọ́. Èdè asà kò yin ẹnikẹ́ni. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, asà ti yí padà.

Pé a lè fi Yorùbá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, mo sì gbà. Ní Jámánì, orúkọ àwọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò, wọn ò wá Faransé kankan. Ní Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ pọ̀. Ní Ireland, èdè Ireland àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ ká dán ti ẹgbẹ́ yìí wò: *Ojú asà àwọ̀ ewé, ọ̀já àgbékọ́jìká fàdákà láàárín ìlù wúrà méjì, lórí ọ̀já náà, ọ̀pẹ mẹ́ta àwọ̀ ewé.* Ayàwòrán Ṣómólú ì bá má ya oko.

Ẹnì kan ti sọ pé dúdú ni àwọn àgbà ń pe búlúù àti ewé tó bá ṣú. Òótọ́ ni. Ẹ lo aró fún Azure, ẹ lo ewé fún Vert, kí dúdú dá dúró fún Sable. Mi ò rí ìjà níbẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé mo tún "àwọ̀ ewé" pè dípò "of the field". Àwọn tó ń kọ èdè asà láyé àtijọ́ kórìíra kí wọ́n dárúkọ àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú asà tí wọ́n fún bàbá William Shakespeare lọ́dún 1596, ojú asà jẹ́ wúrà, ọ̀já dúdú wà lórí rẹ̀, lórí ọ̀já náà ni ọ̀kọ̀ kan "of the first" wà, ìyẹn ni pé àwọ̀ tí a kọ́kọ́ dárúkọ ló ní, pẹ̀lú ẹnu fàdákà. (Ọ̀kọ̀ ni spear, ẹ ti rí ẹ̀fẹ̀ orúkọ yẹn.) Nínú asà kékeré kò ṣòro. Nínú asà tó ní àwọ̀ márùn-ún, "of the fourth" á mú kí o máa ka ìka. Ẹ tún orúkọ àwọ̀ pè, ó yá.

* * *

Ará Peckham kan: *Mo ra àmì asà ìdílé mi ní ọjà kan níbí. Wọ́n tẹ orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà, ó jáde pẹ̀lú férémù. Ṣé ayédèrú ni?*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi kọ́ sára ògiri bó bá dùn ún wò. Àmọ́ kò sí asà fún orúkọ ìdílé ní England. Ẹnì kan ni wọ́n ń fún, àwọn ọmọ tó bá ti ara rẹ̀ jáde ló sì ń jogún rẹ̀. Ẹni méjì tó ń jẹ́ Smith kò fi ìyẹn ní asà kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni méjì tó ń jẹ́ Adébáyọ̀.

College of Arms ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti wà láti ọdún 1484, ló ń fúnni ní asà ní England, Wales àti Northern Ireland. Ní Scotland, Lord Lyon ni, òun sì ní kóòtù tirẹ̀: ẹni tó bá lo asà tí kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀ lè jẹ́jọ́. Ní England, nǹkan rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìjọba ìlú Manchester gbé ilé ìṣeré kan lọ sí kóòtù àwọn ọ̀gágun ní December 1954 torí pé wọ́n lo asà ìlú náà, ìlú náà sì borí. Nígbà náà, ó ti lé ní 200 ọdún tí kóòtù náà ti jókòó kẹ́yìn.

Nítorí náà, àbúrò, béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà bóyá wọ́n ti gba gbólóhùn yìí látọ̀dọ̀ College tàbí ọmọ ẹgbẹ́ kan ló kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti gbà á, má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan. Bó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́, àyè ṣì wà láti tún un ṣe, mo sì ní ibì kan tó yẹ kí wọ́n tún ṣe.

* * *

Ayàwòrán ní Ṣómólú: *Ẹ̀gbọ́n, mo béèrè. Akọ̀wé wọn ló kọ ọ́. Mo tún un yà bí ẹ ṣe sọ. Wọ́n ní ó kù díẹ̀: ọ̀pẹ dúró ṣánṣán, wọ́n ní kó dàgẹ̀rẹ̀. Ìlù tí mo yà, dùndún ni. Akọ̀wé ní ìlù sójà ló yẹ kó jẹ́, àwọn yòókù ní dùndún ni àwọn fẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?*

Lórí ọ̀pẹ, àwọn ló tọ̀nà. Ohun tó bá wà lórí bend máa ń tẹ̀ lé ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá sọ pé "palewise", tó túmọ̀ sí pé kó dúró ṣánṣán. Wọn ò sọ ọ́. Dà á dàgẹ̀rẹ̀.

Lórí ìlù, ibẹ̀ gan-an ni mo ní kí wọ́n tún ṣe. Ẹni tó bá ka "drum" ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlù sójà tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ló máa yà. Ẹni tó bá kà á ní Ṣómólú, dùndún ni. Ẹlòmíràn á ya bàtá, ẹlòmíràn gbẹ̀du. Gbólóhùn tó gba ìlù mẹ́rin kò tíì parí. Kí wọ́n kọ "two dùndún drums Or", kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i. Bí nǹkan kò bá sí nínú àṣà àwọn tó dá iṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni kí wọ́n pè.

Akọ̀wé lè yarí. Sọ fún un pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ni asà.

Ayàwòrán ní Ṣómólú: *Wọ́n ti gbà, wọ́n fi "dùndún" sí i. Awọ ọṣán ìlù ńkọ́, àwọ̀ wo? Kí n ya kọ̀ǹgọ́ mọ́ ọn?*

Wọ́n ní ìlù náà jẹ́ wúrà, wúrà ni kí ọṣán rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Fi ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ kó lè hàn. Wọn ò dárúkọ kọ̀ǹgọ́. Má yà á.